Ọlọ́run kan ṣoṣo ni ẹ̀sìn méjèèjì ń wí: ibo gan-an ni ọ̀rọ̀ ti yà?

Olùwádìí

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ti ka àríyànjiyàn tó pọ̀ láàárín Kristẹni àti Mùsùlùmí lórí irú ẹni tí Ọlọ́run jẹ́, ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ sì ń já sí. Ẹnì kan á ní "ọlọ́run mẹ́ta lẹ̀ ń sìn," ẹnì kejì á ní "ẹ̀yin ò mọ̀ Ọ́n ní Baba," ìjà á sì bẹ́. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tí mo ń wá ni kí Mùsùlùmí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbà gbọ́, kí Kristẹni náà sọ tirẹ̀, ká wá wo ibi tí ọ̀nà ti yà. Ẹ̀sìn méjèèjì ní Ọlọ́run kan ni. Wọ́n ní Òun ló dá ayé, wọ́n ní aláàánú ni, wọ́n ní yóò ṣèdájọ́. Kí ló wá kù tí wọn ò fi lè fẹnu kò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ bú ẹlòmíràn kó má dá sí i.

Ọmọ_Àlùfáà

Àsàlámù aléékùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí Mùsùlùmí gbà nípa Ọlọ́hun, Súrà Al-Ikhlas ni kó kọ́kọ́ kà, ìyẹn Súrà 112. Ẹsẹ mẹ́rin péré ni. Òun ni Ọlọ́hun, Ọ̀kan ṣoṣo. Òun ni gbogbo ẹ̀dá ń gbé bùkátà wọn lọ bá, tí Òun kò ní bùkátà sí ẹnikẹ́ni. Kò bímọ, a kò sì bí I. Kò sí ẹnì kankan tó bá A dọ́gba. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé súrà kékeré yìí tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta Kùránì.

Táwúhíd là ń pe ìgbàgbọ́ yìí. Ó ju kéèyàn kan sọ pé Ọlọ́hun kì í ṣe méjì lọ. Kò sí alájọpín fún Un nínú dídá ayé àti ṣíṣàkóso rẹ̀, kò sí alájọpín fún Un nínú ìjọsìn, kò sì sí ẹni tó ń bá A jẹ́ orúkọ Rẹ̀ tàbí tó ní ìròyìn (ìyẹn ohun tí a fi ń ṣàpèjúwe Rẹ̀, bí ìmọ̀ àti agbára) bíi tirẹ̀. Súrà 42, ẹsẹ 11, sọ pé kò sí ohun kan tó jọ Ọ́, Òun sì ni Olùgbọ́, Olùríran. Ẹ wo ẹsẹ náà dáadáa. Apá àkọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ fífi Ọlọ́hun wé ẹ̀dá, apá kejì sì sọ pé Ó ń gbọ́, Ó ń rí. Àárín apá méjèèjì yìí ni àwọn onímọ̀ wa ń rìn. Nígbà tí wọ́n bi Imam Malik ibn Anas, àgbà onímọ̀ kan nínú Ìsìláàmù, bí Ọlọ́hun ṣe gúnwà lórí Ìtẹ́ Rẹ̀, ó dáhùn pé gígúnwà náà kì í ṣe ohun àìmọ̀, bó ṣe rí ni làákàyè kò ká, gbígbà á gbọ́ di dandan, bíbéèrè bó ṣe rí sì jẹ́ àdádáálẹ̀, ìyẹn ohun tí kò sí nínú ẹ̀sìn tẹ́lẹ̀.

Torí náà, tí a bá kọ gbólóhùn náà "Ọmọ Ọlọ́hun," kì í ṣe ìbínú ló ń ti wá. Súrà 4, ẹsẹ 48, sọ pé Ọlọ́hun kò ní í ṣe àforíjì fún ẹni tó bá wá orogún fún Un. Gbòǹgbò ẹ̀sìn nìyẹn lọ́dọ̀ wa.

Ìyá_Ìbejì

O ṣeun, ọmọ mi, o sọ ọ́ kó yéni. Èmi ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ nínú ìjọ, ohun tí mo sì kọ́kọ́ máa ń sọ fún wọn ni pé ẹni tó bá ní ọlọ́run mẹ́ta ń bẹ ti jáde kúrò nínú ìgbàgbọ́ Kristẹni. Nígbà tí akọ̀wé òfin bi Jésù pé òfin wo ló ṣáájú, Deutarónómì 6:4 ló fi dáhùn: "Gbọ́, Ísírẹ́lì: Olúwa Ọlọ́run wa, Olúwa kan ni." Máàkù 12:29 ni ó wà.

Ohun tí a wá gbà ni pé Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ jẹ́ ẹni mẹ́ta, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n jẹ́, ọ̀kan ṣoṣo ni. Wọn ò pín in láàárín ara wọn, kò sì sí èyí tó pẹ́ ju èkejì lọ. Àwọn àpọ́sítélì ò jókòó láti hùmọ̀ ẹ̀kọ́ yìí. Wọ́n ti mọ Ọlọ́run kan láti ilé, wọ́n wá bá Jésù pàdé, ó ń dárí ẹ̀ṣẹ̀ ji ènìyàn, Tọ́másì pè é ní "Olúwa mi àti Ọlọ́run mi," kò sì bá a wí. Wọ́n gba Ẹ̀mí. Wọn ò lè sẹ́ èyí àkọ́kọ́, wọn ò sì lè sẹ́ ìyókù.

Nígbà tí Arius, àlùfáà kan ní Alexandria, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni pé ẹ̀dá ni Ọmọ, pé ìgbà kan wà tí kò sí, ìgbìmọ̀ tó pé jọ sí Nicaea ní 325 dáhùn pé a bí I, a kò dá A, ohun kan náà ni Òun àti Baba jẹ́. Èyí tó pé jọ sí Constantinople ní 381 sì fi ti Ẹ̀mí Mímọ́ kún un. Bíbí tí à ń wí yìí kò ní ìyàwó nínú, kò ní ọjọ́ nínú. Ibì kan wà nínú Súrà 6 tó béèrè bí Ọlọ́run ṣe máa ní ọmọ nígbà tí kò ní aya. Tó bá jẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń sọ, Kristẹni á ṣe àmín sí i.

Ìmọ́lẹ̀_Tuntun

Ẹ jẹ́ kí n bá yín fi ohun tó rọrùn ṣàlàyé Mẹ́talọ́kan. Omi, yìnyín àti ooru omi tó ń gòkè láti inú ìkòkò, ohun kan náà ni, ó kàn ń yí àwọ̀ padà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí.

Ìyá_Ìbejì

Rárá o, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé wọ́n ń lò ó lórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n ohun tí o sọ yìí gan-an ni ìjọ kọ̀ lọ́wọ́ Sabellius ní ọ̀rúndún kẹta: pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń pààrọ̀ ìrísí, tó jẹ́ Baba lónìí, tó di Ọmọ lọ́la. Ka ìtàn ìrìbọmi nínú Mátíù 3. Ọmọ dúró nínú odò, Ẹ̀mí ń sọ̀ kalẹ̀ lé E, ohùn Baba ń ti ọ̀run wá pé "Èyí ni àyànfẹ́ Ọmọ mi." Lẹ́ẹ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ló ń pààrọ̀ ìrísí, ta ló ń bá ta sọ̀rọ̀? Tí a bá fi àpèjúwe tí kò tọ́ ṣàlàyé ìgbàgbọ́ wa fún Mùsùlùmí, àpèjúwe yẹn ni yóò kọ̀, kò tíì gbọ́ ìgbàgbọ́ náà.

Ìkẹ́_Rahmán

Ìyá wa, ẹ kú làálàá. Ẹ má bínú, mo ní ìbéèrè, mi ò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Jésù ń gbàdúrà ní Gẹtisémánì. Ta ló ń gbàdúrà sí? Ó sọ nínú Máàkù 13:32 pé Ọmọ pàápàá kò mọ wákàtí náà, àfi Baba. Nínú Jòhánù 17:3, ó pe Baba ní Ọlọ́run òtítọ́ kan ṣoṣo. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí kò bá mọ nǹkan kan, tó ń sùn, tí ebi ń pa, kò lè jẹ́ Ọlọ́hun. Kùránì fi ohun tó hàn sójú gbogbo ènìyàn mú un ní Súrà 5, ẹsẹ 75: òjíṣẹ́ ni Mèsáyà ọmọ Màríyámù, olódodo ni ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì sì máa ń jẹun. Gbólóhùn kúkúrú ni, ṣùgbọ́n ó ká gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń jẹun ní bùkátà, ẹni tó sì ní bùkátà kì í ṣe Ọlọ́hun.

Ìyá_Ìbejì

Ìbéèrè tó dára nìyẹn. Mi ò ní sá fún un.

Kò sí Kristẹni tó mọ ìgbàgbọ́ rẹ̀ tí yóò jiyàn pé Jésù jẹun. Àwa gan-an là ń tẹnu mọ́ ọn. Lúùkù 24 sọ pé lẹ́yìn tó jí dìde, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rò pé iwin ni, ó sì béèrè bóyá wọ́n ní oúnjẹ níbẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹja díndín, ó jẹ ẹ́ lójú wọn. Lúùkù kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ara rẹ̀ kì í ṣe ara gidi. Ohun kan náà, oúnjẹ jíjẹ, ni ìwé méjèèjì tọ́ka sí. Kùránì lò ó láti fi hàn pé kì í ṣe Ọlọ́run, Lúùkù lò ó láti fi hàn pé ènìyàn ni lóòótọ́.

Bí a ṣe so ó pọ̀ nìyí. Ìgbìmọ̀ Chalcedon ní 451 sọ pé Jésù Kristi jẹ́ Ọlọ́run pátápátá, ó sì jẹ́ ènìyàn pátápátá. A kò da méjèèjì pọ̀ di ohun kẹta, a kò sì pín in di ẹni méjì. Gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ló ń gbàdúrà, tí ebi ń pa á, tí kò mọ wákàtí. Gẹ́gẹ́ bí Ọmọ ayérayé, Baba ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ara rẹ̀. Fílípì 2 sọ pé ó wà ní àwòrán Ọlọ́run, ó sì sọ ara rẹ̀ di òfo, ó mú àwọ̀ ìránṣẹ́.

Lójú tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí, ó ju ọ̀rọ̀ kíka ọ̀kan tàbí mẹ́ta lọ. Ìwọ gbà pé títóbi Ọlọ́run kò gbà kí Ó wọ inú ìṣòro ẹ̀dá. Èmi gbà pé títóbi Rẹ̀ hàn jù lọ nínú pé Ó wọ̀ ọ́, kò sì dín kù.

Olùwádìí

Ṣé gbogbo Kristẹni ló gba Mẹ́talọ́kan?

Ìyá_Ìbejì

Rárá. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà kò gbà á, àwọn mìíràn náà wà. Ṣùgbọ́n Kátólíìkì, Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì àti ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì gbà á, ohun tí wọ́n sì dìmú láti ọ̀rúndún kẹrin ni mò ń sọ níbí.

Àràbà_Ìwé

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti inú ìtàn, torí nǹkan kan wà tí àwọn tó ń jiyàn kì í sábà fọwọ́ kàn. Ènìyàn máa ń fi Jésù wé Ànábì Muhammad, kó sì fi Bíbélì wé Kùránì. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ irú ẹni tí Ọlọ́run jẹ́ ni, ìfiwéra yẹn kò gún. Nínú ẹ̀sìn Kristẹni, Jésù ni Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tó sọ̀ kalẹ̀. Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, Kùránì ni ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun tó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn méjèèjì ló yẹ ká gbé síwájú ara wọn.

Tí ẹ bá gbé wọn bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i pé ìbéèrè kan náà ló bá ẹ̀sìn méjèèjì fínra: ṣé a dá Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni àbí a kò dá a? Arius sọ láàárín Kristẹni pé a dá a. Ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ kan láàárín Mùsùlùmí, tí wọ́n ń pè ní Mutazila, sọ pé a dá Kùránì. Ìdí wọn kì í ṣe àìgbàgbọ́. Táwúhíd ni wọ́n ń gbèjà. Wọ́n ní tí ohun kan bá wà láti ayérayé pẹ̀lú Ọlọ́hun, ayérayé ti di méjì. Ní 833, Khalífà al-Ma'mun, olórí ìjọba Mùsùlùmí nígbà yẹn, pàṣẹ pé kí wọ́n yẹ àwọn adájọ́ àti àwọn onímọ̀ wò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú lẹ́tà rẹ̀, ó sọ pé àwọn tó ní a kò dá Kùránì jọ àwọn Kristẹni tó ní a kò dá Ísà ọmọ Màríyámù torí pé Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ni. Òun fúnra rẹ̀ ti rí ìjọra náà nígbà yẹn.

Onímọ̀ kan, Ahmad ibn Hanbal, kọ̀ láti sọ pé a dá Kùránì. Wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n nà án lábẹ́ al-Mu'tasim, khalífà tó jẹ lẹ́yìn al-Ma'mun, kò yí ohùn padà. Ìgbà tí al-Mutawakkil jọba ni àyẹ̀wò náà tó dópin, èrò Ahmad ló sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn Súńnì, ìyẹn ẹ̀ka tó pọ̀ jù lọ nínú Mùsùlùmí, títí dòní. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ tó tẹ̀ lé al-Ash'ari ṣàlàyé pé àwọn ìròyìn Ọlọ́hun, bí ìmọ̀, agbára àti ọ̀rọ̀ Rẹ̀, kì í ṣe Òun, wọn kì í sì ṣe ohun tó yàtọ̀ sí I. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ Jòhánù 1:1, "Ọ̀rọ̀ sì wà pẹ̀lú Ọlọ́run, Ọlọ́run sì ni Ọ̀rọ̀ náà." Mi ò sọ pé wọ́n dọ́gba. Mo ń sọ pé ẹ̀sìn méjèèjì ti dé ibi tí iye kíkà nìkan kò ti tó mọ́.

Ọmọ_Àlùfáà

Mo gba ìtàn náà, ẹ̀gbọ́n, bó ṣe ṣẹlẹ̀ lẹ ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ààlà sí i. Kò sí Mùsùlùmí tó ń kírun sí Kùránì. Kò sí ẹni tó ń pe Kùránì kó dá a lóhùn, kò sì sí ẹni tó ní Kùránì fẹ́ràn Ọlọ́hun tàbí pé Ọlọ́hun rán an níṣẹ́ bí ẹnì kan ṣe ń rán ẹnì kejì. Ìròyìn Ọlọ́hun ni ọ̀rọ̀ Rẹ̀, bí ìmọ̀ Rẹ̀ ṣe jẹ́ ìròyìn Rẹ̀. Kristẹni sọ pé Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ẹnì kan tó ń bá Baba sọ̀rọ̀, tí Baba ń bá sọ̀rọ̀. Àárín ìròyìn àti ẹnì kan jìn gan-an.

A pe Ísà ní ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun lóòótọ́, ó wà ní Súrà 4, ẹsẹ 171. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ wa sọ ni pé Ọlọ́hun wí pé "Jẹ́ bẹ́ẹ̀," ó sì rí bẹ́ẹ̀, láìsí bàbá, bó ṣe rí fún Ádámù. Àṣẹ ló mú un wá, òun kọ́ ni àṣẹ náà. Ẹsẹ yẹn kan náà ló sì ní kí wọ́n má ṣe wí pé "mẹ́ta."

Àràbà_Ìwé

Ààlà tó tọ́ lo fà yẹn. Kò sí ohun tí mo fẹ́ yọ kúrò nínú rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì

Èmi náà gbà á. Ìdí tí a fi ń sọ pé ẹnì kan ni, tí kì í ṣe ìròyìn lásán, ni ìfẹ́. Ìwé Jòhánù kìíní, orí 4, kò sọ pé Ọlọ́run ń fẹ́ràn nìkan, ó ní ìfẹ́ ni Ọlọ́run. Kí Ó tó dá ohunkóhun, ta ni Ó fẹ́ràn? Jésù dáhùn nínú àdúrà rẹ̀ ní Jòhánù 17:24, pé Baba ti fẹ́ràn òun ṣáájú ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé. Richard ti Saint-Victor, onímọ̀ ẹ̀sìn Kristẹni kan, mú ọ̀rọ̀ yìí lò ní ọ̀rúndún kejìlá: ìfẹ́ tó pé kò lè jẹ́ ti ẹnì kan tó dá wà. Ọlọ́run kò dá wa torí pé Ó ń wá ẹni tí yóò fẹ́ràn. Ìfẹ́ ti wà nínú Rẹ̀, ó kún, ó sì ṣàn dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìkẹ́_Rahmán

Ìyá wa, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ bí àwa náà ṣe ń sọ tiwa, torí àwọn kan máa ń wí pé Ọlọ́hun tí Mùsùlùmí mọ̀ jẹ́ ọba tó jìnnà nìkan.

Al-Wadud, Ẹni tó ń fẹ́ràn, wà lára orúkọ Rẹ̀. Al-Ghani, Ẹni tí kò ní bùkátà, náà wà níbẹ̀. A kò rí i pé Ó nílò ẹni tí yóò fẹ́ràn kí Ó tó lè jẹ́ Olùfẹ́, bí kò ṣe nílò ẹ̀dá kí Ó tó lè jẹ́ Alágbára. Àánú ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo nǹkan: súrà mẹ́tàlá lé ní ọgọ́rùn-ún nínú mẹ́rìnlá lé ní ọgọ́rùn-ún ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Súrà 6 sọ pé Ó ṣe àánú ní ọ̀ranyàn lé ara Rẹ̀ lórí. Kò sẹ́ni tó fi dandan mú Un, Òun fúnra Rẹ̀ ló ṣe é.

Umar ibn al-Khattab, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Wọ́n kó àwọn ìgbèkùn kan wá, obìnrin kan wà láàárín wọn tí ọmú rẹ̀ kún fún wàrà. Ó ń sáré kiri. Ọmọ ọwọ́ tó bá ti rí láàárín àwọn ìgbèkùn, á gbé e mọ́ àyà, á fún un lọ́mú. Ànábì bi àwọn tó wà níbẹ̀ pé, "Ṣé ẹ rò pé obìnrin yìí lè ju ọmọ rẹ̀ sínú iná?" Wọ́n ní rárá, tó bá lágbára láti má jù ú. Ó ní, "Ọlọ́hun ṣàánú àwọn ẹrú Rẹ̀ ju bí obìnrin yìí ṣe ṣàánú ọmọ rẹ̀ lọ." Bukhari àti Muslim, àwọn onímọ̀ méjì tó kó hádíìsì (ọ̀rọ̀ Ànábì) jọ, ló gbà á wá.

Ìyá_Ìbejì

Mi ò tíì gbọ́ ìtàn yẹn rí. Ó ṣeun o, ọmọ mi. Aísáyà 49 béèrè bóyá obìnrin lè gbàgbé ọmọ ọmú rẹ̀, Olúwa sì ní bí obìnrin náà tilẹ̀ lè gbàgbé, Èmi kò ní gbàgbé rẹ.

Ìmọ́lẹ̀_Tuntun

Ṣé Ọlọ́run kan náà là ń sìn nígbà náà?

Àràbà_Ìwé

Àwọn àgbà ẹ̀sìn méjèèjì ti fún ìbéèrè yẹn lésì. Súrà 29, ẹsẹ 46, ní kí Mùsùlùmí sọ fún àwọn tí a fún ní tírà, ìyẹn Júù àti Kristẹni, pé, "Ọlọ́hun wa àti Ọlọ́hun yín, ọ̀kan ni." Ní 1076, Póòpù Gregory Keje kọ̀wé sí al-Nasir, ọba Mùsùlùmí kan ní Àríwá Áfíríkà, pé Ọlọ́run kan làwọn méjèèjì gbà gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ń jẹ́wọ́ Rẹ̀ yàtọ̀. Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì ti ìjọ Kátólíìkì tún un sọ ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá, 1965, pé Mùsùlùmí ń sin Ọlọ́run kan, alààyè, aláàánú, alágbára gbogbo, Ẹlẹ́dàá, ó sì sọ kedere pé wọn kò gbà pé Jésù jẹ́ Ọlọ́run. Ní 2007, onímọ̀ Mùsùlùmí 138 kọ lẹ́tà sí àwọn olórí ìjọ pé fífẹ́ Ọlọ́run àti fífẹ́ ọmọnìkejì ni ilẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ dúró lé. Àwọn Kristẹni kan ṣì wà tí wọ́n sọ pé rárá, pé ẹni tó bá kọ Ọmọ kò ní Baba, wọ́n sì ń tọ́ka sí Jòhánù kìíní 2:23.

Èrò tèmi ni pé Ẹni kan náà ni wọ́n ń kọjú sí, ohun tí wọ́n sọ nípa Rẹ̀ ló takora, ìtakora náà kò sì kéré. A kò gbọ́dọ̀ fi ìṣọ̀kan bo ìyàtọ̀ mọ́lẹ̀.

Olùwádìí

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìbéèrè kan ló kù tí mo fẹ́ bi yín. Ṣé ẹ̀sìn méjèèjì rò pé ènìyàn yóò rí Ọlọ́run lọ́jọ́ kan?

Ọmọ_Àlùfáà

Bẹ́ẹ̀ ni. Súrà 75, ẹsẹ 22 àti 23, sọ pé àwọn ojú kan yóò máa tàn ní ọjọ́ yẹn, wọn yóò máa wo Olúwa wọn. Àwọn Mutazila kò gbà pé wíwò gidi ni, torí Súrà 6, ẹsẹ 103, ní ojú kò lè ká A. Àwọn Súńnì so ẹsẹ méjèèjì pọ̀: a ó rí I ní ọ̀run, ojú kò sì ní ká A. Nínú ayé yìí, kò sí ẹni tó lè rí I. Ànábì Músá bẹ̀bẹ̀ kí òun rí I, Ọlọ́hun fi ara hàn fún òkè, òkè fọ́ yángá, Músá ṣubú, ó dákú. Súrà 7, ẹsẹ 143, ló wà.

Ìyá_Ìbejì

Àwa náà ń retí rẹ̀. Jòhánù kìíní 3:2 ní a ó rí I àní bí Òun ti rí. Ẹ́kísódù 33 náà sọ ti Mósè, pé kò sí ènìyàn tó lè rí ojú Ọlọ́run kó sì yè. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nígbà tí Fílípì ní kí Jésù fi Baba han àwọn, ó dá a lóhùn pé, "Ẹni tí ó bá ti rí mi, ó ti rí Baba." Lójú Kristẹni, rírí náà ti bẹ̀rẹ̀ láyé yìí, nínú ọkùnrin tó jẹun, tó sunkún, tí wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú. Mo mọ̀ pé ẹ ò lè tẹ̀ lé mi dé ibẹ̀.

Ọmọ_Àlùfáà

A ò lè tẹ̀ lé yín dé ibẹ̀, Ìyá wa. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń wí ti yé mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí ẹ bá gbà, ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, torí láti orí irú ẹni tí a gbà pé Ọlọ́hun jẹ́ ni ẹ̀sìn kọ̀ọ̀kan ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lórí ìyẹn náà.